Ọwọ́ Tí Ìyá Mi Fi Ń Wọn Jáká

Ọwọ́ ìyá mi ni àwọn obìnrin àdúgbò wa fi ń wọn jáká. Ní Ọ̀fà níbí, bí ààwẹ̀ Rámádánì bá ti fẹ́ parí, gbogbo ilé Mùsùlùmí ló máa ń wọn oúnjẹ sọ́tọ̀ fún aláìní, kálukú gẹ́gẹ́ bí iye orí tó wà nílé rẹ̀. Jáká nìyẹn. Kóńgò wà lọ́jà tí èèyàn lè fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà Àṣàlátù ìyá mi kò gba kóńgò gbọ́. Wọ́n á ru ìrẹsì tàbí àgbàdo wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ bá wa fi ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n." Ìyá mi á ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á bù ú lẹ́ẹ̀mẹrin fún orí kọ̀ọ̀kan. "Kó kún, kó má dà." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí bó bá ti ń bù ú. Mi ò rí i kí hóró kan bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí àwọn èèyàn ìlú yìí ti yára gbàgbé. Tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á kó àwọn obìnrin jọ sí mọ́ṣáláṣí, á máa kọ́ wọn ní òfin ẹ̀sìn: ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́, ẹni tí ààwẹ̀ di dandan fún, ẹni tí kò di dandan fún. Bàbá mi ní tirẹ̀, káfíńtà ni, ìlẹ̀kùn ló sì ń ṣe jù. Èèyàn jẹ́ẹ́ ni. Bí ìyá mi bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, "hẹn" kan ṣoṣo ni bàbá mi fi ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Ìyá mi ń pè é ní Alhaji, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kò tíì fi ojú kan Mẹ́kà. Ó ní bí òun bá ti ń pè é bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á gbọ́ lọ́jọ́ kan. Bàbá mi náà ń pe ìyá mi ní Tíṣà. Èmi nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún wọn. Mo ń tẹ ìwé, mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí géètì Pólì.

Oorun ló kọ́kọ́ kúrò lójú ìyá mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ohun tó ti mọ́. Á fọ kọ́tìnnì, á sá a, kó tó gbẹ, á tún ti rì í bọ omi. A ní iṣẹ́ ilé ìwé ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní nǹkan kan ń jóná nítòsí, òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwa fa imú títí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi tiẹ̀ gun àjà lọ yẹ wáyà iná wò, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí, ó ní kò sí ibi tó jó. Ìyá mi wò ó bí ẹni tó ń wo òpùrọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde nílé ìwé. Ó ní iná ti dé òrùlé. Ó ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ó ṣíwájú wọn, wọ́n kọjá réluwéè, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé. Àwọn ọmọ ń kọrin tó kọ́ wọn. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé ìgbádùn ni wọ́n ń lọ ṣe. Ọlọ́kadà kan tó mọ bàbá mi ló rí wọn tó pè wá. Kí n tó débẹ̀, àwọn òbí ti pé lé e lórí, wọ́n ń pariwo pé ó fẹ́ jí ọmọ gbé, obìnrin kan sì ti fa hìjáábù rẹ̀ ya. Ìyá mi kò tiẹ̀ wo ojú wọn. Àwọn ọmọ ló ń kà. Bó bá kà wọ́n tán, á tún bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n pé," ó ń wí. "Kò sí ìkankan tó jóná. Ẹ wò wọ́n, wọ́n pé."

Mo gbá obìnrin tó fa hìjáábù ya létí. Wọ́n ní kí n bẹ̀ ẹ́, mi ò bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá rí i lónìí, mi ò ní bẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Mo gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu àwọn tó ń wò wá láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò rántí pé wèrè náà lè ní ọmọ tirẹ̀, kí ọmọ náà sì dúró síbẹ̀ kó máa gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dé. Alhaja ni gbogbo wa ń pè é, òun ti lọ sí Mẹ́kà ní tòótọ́, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Ó ní iṣẹ́ ọmọ aráyé ni. Ó ní òun mọ Àfáà kan ní abúlé kan lẹ́yìn Òjòkú tó ń tọ́jú irú wọn, àti pé bí wọ́n bá fi lè gbé ìyá mi sọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, orí rẹ̀ á wálé. Bàbá mi bá a lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dé, Alhaja ní ìgbà wo la máa gbé e lọ. Bàbá mi bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mo wo àwọn ìlẹ̀kùn wọn," ó ní. "Ìta ni wọ́n kan ìkọ́ rẹ̀ sí."

Káfíńtà ni, ohun tí ojú rẹ̀ lọ sí nìyẹn. Bóyá ó rí ẹ̀wọ̀n, bóyá kò rí i, kò sọ. Ó kàn ní a ò ní gbé e lọ.

Ẹni tó wá gbà wá ni ayálégbé wa, obìnrin ọmọ Èkìtì kan, Kìrìsìtẹ́nì, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pólì. Mọ́mì Èkìtì là ń pè é. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, àìsàn ni. Bí inú ṣe ń ṣàìsàn náà lọpọlọ ń ṣàìsàn. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀." Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Wọ́n gún ìyá mi lábẹ́rẹ́, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì dá a padà fún wa pẹ̀lú ike oògùn: kó lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kìlọ̀ fún wa pé bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá, a ò gbọ́dọ̀ fi oògùn sílẹ̀ fúnra wa.

Oògùn náà kò tètè ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi ṣì ń fẹ́ jáde lọ kó àwọn ọmọ kúrò nínú iná. Ó sá dé títì lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú yẹ̀rì nìkan nídìí. Lẹ́yìn èyí ni bàbá mi mú òòlù. Mo wà ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kan ìkọ́ mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá ìyàwó rẹ̀, láti ìta. Á fi òòlù lù ú, á dúró, á tún lù ú. Ìlẹ̀kùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó fẹ́ ẹ ni.

Nígbà tí oògùn wá mú un, tí kò sá jáde mọ́, bàbá mi yọ ìkọ́ náà kúrò. Ó po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ihò ìṣó, ó fi pépà họ ojú rẹ̀, ó kùn ún. Bí èèyàn kò bá mọ ibi tó wà, kò lè rí i. Èmi mọ ibi tó wà.

Ìyá mi ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó sanra. Bó bá di ife mú, omi inú rẹ̀ á máa dà sí i láyà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oògùn ló fà á. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, á máa wò wọ́n.

Ibẹ̀ la wà tí Rámádánì fi dé tòsí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ kò le, kò kàn sí ẹni tó lè sọ ọ́ ni. Oògùn ọ̀sán kò bá ààwẹ̀ mu. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí à ń wí yìí ti kọ́ ìran obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ pé ààwẹ̀ kò di dandan fún ọmọdé, kò sì di dandan fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó mọ òfin náà ju gbogbo wa lọ. Bí o bá sọ fún un pé, "Ẹ má gbààwẹ̀," ohun tó máa gbọ́ ni pé, "Wèrè ni yín."

Mo sọ fún bàbá mi pé ká ní ọgbẹ́ inú ló ń ṣe é, pé nítorí ọgbẹ́ inú ni kò ṣe ní gbà á.

"Ṣé irọ́ ni kí n pa fún Tíṣà?" ó ní.

Alhaja ní ká fi í sílẹ̀ kó gbààwẹ̀ rẹ̀. "Kí ni ẹ ń bẹ̀rù? Ààwẹ̀ gan-an loògùn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó ń kírun, ṣé wèrè nìyẹn?" Mo ní ká bi dókítà. Ó ní ìgbà tí mo bá di Àfáà kí n wá pàṣẹ.

Bàbá mi wọlé lọ bá ìyá mi. Mo dúró sí kọ́rídọ̀, mi ò fi ara pamọ́. Kó tó la ẹnu, ìyá mi ti ṣáájú rẹ̀. Ó rọra ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde bí ẹrù tó wúwo. "Alhaji, mo fẹ́ gba ààwẹ̀ mi. Màá máa lo oògùn ní sàárì àti ìṣínu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé n ò ní gbà á."

Bàbá mi dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé férémù ìlẹ̀kùn.

"Hẹn," ó ní.

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ba ilé wa jẹ́. Mo ti bínú sí i títí, àmọ́ bí mo bá ní kí n dúró síbi tó dúró sí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí ǹ bá fi rọ́pò rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ nípa ààwẹ̀ yẹn bó ṣe rí gan-an, nítorí pé ó dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá mi dé. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ahọ́n rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ padà. Òun ló ń jí wa fún sàárì, òun ló ń dín àkàrà ìṣínu, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Wo ìwọ, o ń gbààwẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lówó." Àwọn obìnrin Àṣàlátù padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ń wí "Alihamudulilai" lọ́tùn-ún lósì. Alhaja ń rìn kiri ilé bí ẹni tó wo aláìsàn sàn. Lọ́jọ́ kan mo bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó, ó ń kọrin. Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi kọrin rí láyé mi.

Ike oògùn wà lórí tábìlì nínú yàrá. Ìyá mi kò gbé e pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e á mọ̀ pé ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé e? Ọwọ́ tó dúró ṣinṣin là ń wò. Oògùn ló ń mú un gbọ̀n, ìyá mi pa oògùn tì, ọwọ́ dúró. Àwa ní ààwẹ̀ ló wò ó sàn.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan ká túnu, àwọn obìnrin gbé jáká wọn wá. Ìyá mi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó wọn ti ẹni àkọ́kọ́, ó wò ó, ó dà á padà sínú àpò, ó tún un wọ̀n. "Kò pé," ó ní. Obìnrin náà ní ó pé, Tíṣà, ó pé dáadáa. Ó tún dà á padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ìrẹsì ń ta sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. "Wọn ò pé. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n." Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Nígbà tí mo gbọ́ "wọn ò pé" yẹn, mo rántí bó ṣe ń ka àwọn ọmọ lójú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé.

Lówùúrọ̀ ọdún, ó ní òun ṣì ń gbààwẹ̀. Alhaja rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ìyá mi gan-an ló sì kọ́ wa. A lọ kírun ọdún ní Yídì. A jókòó láàárín àwọn obìnrin, òórùn aṣọ tuntun gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọ kékeré kan níwájú wa ń jẹ bisikíìtì. Ìyá mi na ọwọ́, ó gbá a kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Iná lẹ̀ ń jẹ!" ó pariwo. "Oṣù kò tíì lé! Ẹ tu ú jáde!"

Mo dì í mú, agbára rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó já hìjáábù rẹ̀ sọnù, ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó kọrí sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, sí iwájú, níbi tí Ìmáàmù wà. "Ẹ tu ú jáde! Gbogbo yín lẹ máa jóná!" Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń sáré bọ̀ láti fà á. Bàbá mi wà láàárín àwọn tó ti tò. Ó mọ ohùn rẹ̀ kó tó rí i. Ó jáde kúrò lórí ìlà, ó ń gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó ń wí pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó bọ́ agbádá tuntun tó wọ̀, ó fi bo orí ìyá mi, ó sì gbá a mọ́ra. Wọ́n ń rìn jáde nígbà tí Ìmáàmù gbé ìrun. Gbogbo ènìyàn kọjú síwájú, bàbá mi nìkan ló kọ ẹ̀yìn sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá mi kò jẹun mọ́, kò mu omi mọ́, lọ́sàn-án àti lóru. Ó ní ààwẹ̀ kò tíì parí. Ètè rẹ̀ bó. Bí a bá fi omi sí i lẹ́nu, á tu ú sí wa lára. Nígbà tó tún fẹ́ sá jáde, bàbá mi tún mú òòlù. Inú ihò tó ti fi lẹ́búlẹ́bú pákó dí ló tún lu ìṣó sí. Alhaja wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ààwẹ̀ tó jẹ́ oògùn. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo dúró dè é.

Mọ́tò Mọ́mì Èkìtì náà ló tún gbé wa lọ sí Ìlọrin. Wọ́n fi omi sí ìyá mi lára, wọ́n dá a dúró pẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa dá a sílẹ̀, bàbá mi bi dókítà pé títí di ìgbà wo ló máa lo oògùn yìí.

"Bàbá, kò ní òpin," dókítà ní. "Bí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Bó bá ń lò ó, á máa wà bẹ́ẹ̀. Bó bá fi sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rí lẹ tún máa rí."

"Mo gbọ́," bàbá mi ní. "Ṣùgbọ́n títí di ìgbà wo?"

Dókítà wò mí.

Ọdún yí po. Ìyá mi ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tàbí ká sọ pé iṣẹ́ ti fi í sílẹ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, èmi ni mò ń kó o lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ahọ́n wúwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ wá, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá oore lèyí jẹ́ fún un. Nígbà tí Rámádánì tún ń bọ̀, Àfáà mọ́ṣáláṣí wa wá sílé. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ gbà á, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa yọ ọrùn rẹ̀ kúrò nínú gbèsè ààwẹ̀.

"Bí ẹ bá ní ìrètí pé àìsàn yìí máa lọ," ó ní, "ẹ jẹ́ kí àwọn ọjọ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, bó bá gbádùn, kó gbà á padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìrètí, fídíyà ló kàn. Kí ó máa fi oúnjẹ bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó parí nìyẹn."

"Á gbà á padà," bàbá mi ní.

"Ẹ yọ fídíyà náà jàre," Alhaja ní, "kí ọrùn rẹ̀ lè mọ́. Dókítà ti ní—"

"Mo ní á gbà á padà!" Ariwo tí bàbá mi pa, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Ìyàwó mi kò kú. Á gbádùn, á sì gbà á padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọn fídíyà nínú ilé yìí."

Ìyá mi wà nínú yàrá, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Òfin méjèèjì tí Àfáà ń sọ yẹn, òun náà ló ń kọ́ àwọn obìnrin lọ́jọ́ Àìkú. Inú bí mi sí òfin náà. Mo wá ìlẹ̀kùn mìíràn nínú rẹ̀, mi ò rí, nítorí pé èmi náà kò fẹ́ kí bàbá mi gbà pé ó ti tán, mi ò sì fẹ́ kí ó máa retí ohun tí kò ní wá.

Ní gbogbo ààwẹ̀ yẹn, pálọ̀ Mọ́mì Èkìtì ni ìyá mi ti ń jẹun ọ̀sán. Kò fẹ́ kí òórùn oúnjẹ jáde láti yàrá tiwa. Mọ́mì Èkìtì á ti ìlẹ̀kùn, á bu oúnjẹ tirẹ̀ náà, á jókòó tì í, ebi ì báà pa á tàbí kó má pa á. Mo máa ń gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ rọra, Mọ́mì wa, ẹ rọra, kò sí ìyọnu." Bí ìyá mi bá jáde, á ti nu ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ọjọ́ jáká dé. Obìnrin kankan kò gbé ìrẹsì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kóńgò ọjà ni wọ́n lò. Bàbá mi náà fi kóńgò wọn tiwa, ó gbé e jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun ọ̀sán. Bó ṣe lọ tán ni ìyá mi pè mí wọ yàrá. Ó ní kí n gbé àpò ìrẹsì wá, kí n sì wá àpò mìíràn tó mọ́.

"Màámi, Dádì ti wọn tiwa."

"Kì í ṣe jáká."

Mo mọ̀ kó tó sọ ọ́. Mo gbé e wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tì í bọ inú ìrẹsì. Nígbà tó fi máa gbé e dé ẹnu àpò kejì, ọwọ́ ti gbọ̀n títí, ìrẹsì ti dà, ìwọ̀nba ló kù nínú rẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún dà. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́.

"Kò kún," ó ní. "Bí kò bá kún, kò yọ ọrùn. Mú ọwọ́ tìẹ wá."

"Dádì ní ẹ máa gbà á padà."

"Dádì ẹ fẹ́ràn mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ òfin. N ò lè gbà á padà. O mọ̀. Kí n má gbé e dé sàárè. Jẹ́ kí ọrùn mi fúyẹ́ díẹ̀."

Mo sunkún. Kò ní kí n má sun ún. Mo pa ọwọ́ pọ̀, mo bù ú, ẹ̀ẹ̀kan fún ọjọ́ kan, òun sì ń kà á pẹ̀lú ahọ́n wúwo yẹn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dá mi dúró: "Ó pọ̀ jù. Kó kún, kó má dà." Tíṣà ni. Nígbà tó kà á dé òpin, ó ní kí n di ẹnu àpò náà dáadáa, kí n gbé e fún ìyá arúgbó tó ń tọrọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Mi ò tíì dì í tán tí bàbá mi fi dé. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó wo àpò, ó wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ aṣọ tó ká sókè, ó wo ọwọ́ mi tí ìyẹ̀fun ìrẹsì bò.

"Alhaji," ìyá mi ní, "mo ti yọ fídíyà mi."

Mo ń retí kó sọ pé "hẹn." Kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Alhaji," ìyá mi ní. "Adìẹ á jẹ ẹ́."

Kò fi í sílẹ̀.